Owó òkú Bàbá wa, káàdì àwìn ni àbúrò mi fi ń rán an: kí ni kí a ṣe?

Àkọ́bí Àpáta

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Àpáta ni mò ń gbé nílùú Ìbàdàn, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, èmi sì ni àkọ́bí àwọn òbí mi. Bàbá wa papòdà ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn lẹ́ni ọdún 81. Wọ́n ṣì wà ní mọ́ṣúárì títí di òní, nítorí pé ẹbí ní a kò gbọdọ̀ sin irú àgbà bẹ́ẹ̀ ní ìsìnkú tí aráyé yóò fi bú wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti ṣe ìpàdé ní agboolé wa ní Bẹẹrẹ, ohun tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ ni gbọ̀ngàn kan ní Bódìjà, màlúù mẹ́ta, aṣọ ẹbí oríṣi méjì, àtíbàbà fún àìsùn, àti olórin kan tí owó rẹ̀ nìkan tó owó oṣù mi fún ọdún kan gbáko. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦9,500,000. Nígbà tí wọ́n ń pín in, wọ́n gbé ₦6,000,000 lé àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Houston lórí, wọ́n ní dọ́là ni ó ń gbà.

Àbúrò mi kò jiyàn. Ó ní kí a má ṣèyọnu, ó sì ti fi ₦2,250,000 ránṣẹ́. Ní òru ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni ìyàwó rẹ̀ pè mí, tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó wà nínú ilé ìdáná tí kò fẹ́ kí ará yàrá gbọ́. Ó ní káàdì àwìn ni ọkọ òun fi rán owó náà, pé káàdì mẹ́rin ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé gbèsè orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti di $11,400. Iye tó kéré jù lọ tí báńkì bá ní kí ó san lóṣù ni ó máa ń san, ó sì ti pé ọdún mẹ́ta tí ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye. Ṣé ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó lé oorun lójú mi ni èyí, àbí bí wọ́n ṣe ń gbé ní ọ̀hún nìyẹn? Báwo ni mo sì ṣe lè sọ ọ́ fún àwọn bàbá ní ìpàdé tó ń bọ̀, tí ojú kò ní ti àbúrò mi?

Ọmọ Bódìjà Tó Padà Wálé

Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yìn Bàbá á dára. Mo gbé ní Maryland fún ọdún 14 kí n tó padà sílé, mo sì ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí dé ọrùn rí, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ.

Káàdì tí a ń lò nílé, owó wa tó wà ní báńkì ni ó ń fà yọ. Bí owó bá tán, káàdì á dákẹ́. Ti káàdì àwìn kò rí bẹ́ẹ̀. Owó báńkì ni ènìyàn ń ná, wọn á sì fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́ lóṣooṣù. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2009 sọ pé ó kéré tán, ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ wà láàárín ìgbà tí ìwé náà jáde àti ọjọ́ tí sísan pé. Ẹni tó bá san gbogbo rẹ̀ pátá kí ọjọ́ náà tó pé, tí kò sì jẹ àjẹsílẹ̀ láti oṣù tó kọjá, kì í san èlé kankan lórí ọjà tó rà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi lò ó bẹ́ẹ̀, tí mo ń fi àwọn tó jẹ gbèsè ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún keje ni mọ́tò mi bàjẹ́, tí mo fi díẹ̀ sílẹ̀ láì san, tí mo ní n ó dí i ní oṣù tó ń bọ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi dí i.

Ohun tó ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé owó ni ó fi káàdì rán. Ọ̀pọ̀ báńkì kì í ka èyí sí ọjà rírà; bí ìgbà tí ènìyàn wá yá owó lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń kà á sí. Wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ yọ bíi $3 sí $5 lórí $100 kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́, èlé rẹ̀ sábà máa ń ga ju ti ọjà lọ, kò sì sí ọjọ́ àánú kankan níbẹ̀. Ọjọ́ tí owó bá jáde gan-an ni èlé bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn bàbá tó fọwọ́ kan owó náà ní Bẹẹrẹ, èlé ti ń hù lórí rẹ̀.

Olùṣirò Mọ́kọ́lá

Mo bá yín kẹ́dùn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ìwé àti bírò ṣe é fún yín, nítorí pé ọ̀rọ̀ "iye tó kéré jù" yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹyọ káàdì kan, kí a ní gbèsè orí rẹ̀ jẹ́ $3,000, kí èlé rẹ̀ sì jẹ́ 24 nínú 100 lọ́dún. N kò sọ àsọdùn. Láti 2023 ni ìpíndọ́gba èlé káàdì ní Amẹ́ríkà ti kọjá 20 nínú 100. Mẹ́rìnlélógún lọ́dún jẹ́ méjì lóṣù, nítorí náà èlé oṣù kìíní jẹ́ $60. Bí ọ̀pọ̀ báńkì ṣe ń ṣírò iye tó kéré jù ni pé kí ènìyàn san èlé oṣù náà, kí ó sì fi ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ojú owó lé e, èyí tó jẹ́ $30. Àbúrò yín san $90, báńkì kí i pé ó káre, ṣùgbọ́n gbèsè tó jẹ́ $3,000 láàárọ̀ di $2,970 lálẹ́.

Bí ó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, tí kò sì fi káàdì náà ra àkàrà kan sí i, ní òpin oṣù 69, èyí tí í ṣe ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́sàn-án, ó ti san $4,500, gbèsè tó ṣẹ́ kù lọ́rùn rẹ̀ sì jẹ́ $1,500. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un ṣe, nítorí mo rò pé ọwọ́ mi ṣì í. Ẹ ní kí ó wo ìwé ìṣirò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i: òfin 2009 yẹn kan náà ni ó pa á láṣẹ pé kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, iye ọdún tí yóò gba ẹni tó bá ń san iye tó kéré jù nìkan. Àwọn tó jẹ gbèsè kì í fẹ́ wo ibẹ̀, mo mọ̀.

Ọmọ Alákàrà

Mo ka oṣù 69 yẹn, mo fi fóònù sílẹ̀ ná.

Bàbá Olúyọ̀lé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Mo ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn, ẹ fi àyè gba arúgbó.

Ohun tí olùṣirò yìí ṣàlàyé kì í ṣe àjèjì létí Yorùbá. Láyé àtijọ́, bí ẹnì kan bá yá owó, ó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Ìwọ̀fà yóò máa jí lọ sí oko olówó, yóò máa kọ ebè tí wọ́n bá pín fún un, ṣùgbọ́n gbogbo làálàá rẹ̀ kò dín ẹyọ owó kan nínú ojú owó. Iṣẹ́ yẹn ni èlé. Ó lè sin olówó fún ọdún mẹ́wàá. Lọ́jọ́ tí ó bá fẹ́ lọ, iye tí olówó kà sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ni onígbèsè gbọ́dọ̀ kà padà fún un. Nínú $90 tí àbúrò yín ń san yẹn, $60 ni ti ìwọ̀fà.

Bí onígbèsè bá sì kọ̀ tí kò san, olówó lè ní kí ológò lọ dógò tì í. Ológò yóò wá jókòó sójúde ilé rẹ̀, yóò máa pariwo, yóò máa bú t'ọmọdé t'àgbà, yóò máa mú adìẹ tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó pa jẹ, títí agboolé yóò fi dá owó náà jọ nítorí ìtìjú. Gbèsè ẹnì kan a di ti agboolé. Tiwa lónìí ti dojú rú: agboolé ni ó jókòó ní Bẹẹrẹ tí ó dá gbèsè sílẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì ń san án nínú yàrá rẹ̀ ní Houston, tí kò rí ẹni sọ fún.

Ẹ má sọ iye gbèsè rẹ̀ ní ìpàdé. A kì í fi gbèsè sọ́rùn ṣọ̀ṣọ́, a kò sì gbọdọ̀ fi ti ẹlòmíràn kọ́ ọrùn rẹ̀ ní gbangba. Ẹ lọ bá Mọ́gàjí yín nílé kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, kí ó jẹ́ ẹ̀yin méjì péré, kí ẹ sì sọ fún wọn pé agbára ọmọ olóògbé kò ká a. Mọ́gàjí tó bá gbọ́n yóò gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ bí ẹni pé láti inú tiwọn ni ó ti wá.

Ọmọ Ìdí Àpẹ

Ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìsìnkú jẹ́ ìnákúnàá lásán. Bàbá ẹ̀gbọ́n yìí ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn náwó láyé rẹ̀. Àwọn ọmọ àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ni yóò wá, tí wọn yóò mú àpò ìwé owó wá, tí wọn yóò sì san oore padà. Bí a bá sin ín ní bòńkẹ́lẹ́, a ti gé okùn náà nìyẹn. Èmi yá ₦800,000 ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa ní 2019 láti sin ìyá mi, mo fi ọdún méjì san án tán, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní. Ilé ayé kò tó nǹkan.

Ìyá Aláṣọ Gbági

Ọmọ Ìdí Àpẹ, ẹ ṣeun, àbúrò mi. Ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn, nítorí pé ẹnu iṣẹ́ mi ni ẹ wà yìí. Ọdún 26 ni mo ti ń ta aṣọ ní Gbági, kò sì sí ẹni tí yóò wá kọ́ mi ní àwìn.

Gbèsè fúnra rẹ̀ kọ́ ni ọ̀tá. Mò ń gba lẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ oníṣòwò ńlá láì san kọ́bọ̀, mo sì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti dá owó wọn padà. Bí n kò bá gba àwìn, ìsọ̀ mi á ṣófo. Ṣùgbọ́n aṣọ tí mo gbà ń bẹ lórí pẹpẹ, ẹni tó bá rà á ni yóò bá mi san gbèsè rẹ̀, èrè á sì ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́. Ta ni yóò ra màlúù tí àlejò ti jẹ tán lọ́wọ́ yín? Ẹ̀yin náà yá owó ní alájẹṣẹ́kù, níbi tí wọn kì í ti í yá ènìyàn ju bí ó ti dá pamọ́ àti bí owó oṣù rẹ̀ ti gbé e lọ, tí èlé rẹ̀ kò sì ju díẹ̀. Ẹgbẹ́ yín ti bá yín fi òdiwọ̀n sí i kí ẹ tó dé ọjà. Káàdì tí àbúrò ẹ̀gbọ́n yìí ń lò kò ní irú alágbàwí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ṣe ń san díẹ̀díẹ̀ déédéé ni wọ́n tún máa ń fẹ àyè rẹ̀ sí i.

Ní ti àpò ìwé owó, mo ti rí i tó pọ̀, mo ti rí i tí kò tó owó omi inú ọ̀rá. Ẹ má gbọ́kàn lé e.

Mo fi ojú ara mi rí èyí tí mò ń sọ. Nígbà ìdána ọmọbìnrin mi ní 2021, mo lọ gba owó ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èyí tí àwọn ará ọjà ń pè ní gbọ́mú-lé-láńtà. ₦100,000 ni wọ́n kọ sínú ìwé. Wọ́n yọ ₦10,000 pé kí ó wà ní ìpamọ́, wọ́n yọ ₦2,000 fún fọ́ọ̀mù, ₦88,000 ni mo kó sínú àpò. ₦5,000 ni mo ní láti san lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24, èyí tó jẹ́ ₦120,000. Wọ́n ní èlé rẹ̀ kò ju 20 nínú 100 lọ. N kò mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejìlá, mo ti dá ₦60,000 padà, owó wọn tó wà lọ́wọ́ mi kò tó ìdajì mọ́, èlé ₦100,000 ni mo sì ń san síbẹ̀.

Àwa obìnrin márùn-ún ni a dúró fún ara wa. Bí ẹnì kan kò bá wá, àwọn yòókù kò gbọdọ̀ dìde. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi máńgòrò láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán nítorí ẹnì kan nínú wa tó lọ fara pamọ́ sí Ọ̀jọ́ọ̀. Ìsọ̀ mi wà ní títì. Oníbàárà mi kan pè mí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, n kò lè gbé e. Ní ìkẹyìn, àwa mẹ́rin ni a dá owó rẹ̀, mo sì ta aṣọ òkè ìyá mi kí n tó bọ́ nínú rẹ̀. Àga àti kúlà tí mo fi owó náà háyà, àwọn tó ni wọ́n ti kó wọn lọ ní alẹ́ ọjọ́ ìdána yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Àpáta, aṣọ ẹbí kan ṣoṣo, kí ó jẹ́ ańkárá, kí olúkúlùkù sì san owó kí ó tó gbé e. Ẹ má gbé àwìn aṣọ fún ẹbí rárá. Mo ní ìwé kan nílé tí mo kọ orúkọ àwọn onígbèsè aṣọ ẹbí sí. Òkú tí wọ́n torí rẹ̀ ra aṣọ ti jẹrà tán, owó aṣọ kò tíì wọlé. Ó yẹ kí n ti ní sùúrù àwọn Òṣómàáló ayé àtijọ́, tí wọ́n máa ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san, ṣùgbọ́n orúnkún mi kò gbà á mọ́.

Ará Àgbọwó

Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ ń sọ̀rọ̀ Houston. Àwa tí a wà ní Àgbọwó kò nílò káàdì kí a tó wọ gbèsè, fóònù tó. Ní ọdún tó kọjá, mo yá ₦20,000 lórí áàpù kan láti fi kún owó ilé. ₦16,500 ni ó wọlé, wọ́n sì ní kí n dá ₦24,000 padà lẹ́yìn ọjọ́ 14. Nígbà tí ọjọ́ pé, mo yá ti áàpù kejì láti fi san ti àkọ́kọ́. Láàárín oṣù mẹ́rin, áàpù mẹ́fà ni mo jẹ ní gbèsè, àpapọ̀ rẹ̀ sì ti di ₦187,000. Wọ́n fi àwòrán mi ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù mi, wọ́n kọ "olè" sábẹ́ rẹ̀. Lára àwọn tó gbà á ni onílé mi àti ẹni tó ń darí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.

FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ti gbé ìlànà jáde ní 2022 pé kí àwọn ayánilówó orí fóònù wá forúkọ sílẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni tó tẹ bọ́tìnnì, kí ó kọ́kọ́ wò ó bóyá orúkọ wọn wà níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òun lè fi báńkì kan pamọ́ fún èkejì: láti 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti gba báńkì tí ènìyàn jẹ ní gbèsè láàyè láti fa owó náà yọ nínú àkáǹtì tó ní ní báńkì mìíràn, nípasẹ̀ BVN rẹ̀.

Ìdí tí mo fi kọ gbogbo èyí nìyí, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo oṣù mẹ́rin yẹn, ìyá mi wà ní Mọ́níyà, tí wọ́n ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ọmọ àwọn ń ṣe dáadáa. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè sọ. Ọjọ́ tí mo sọ fún wọn, wọ́n bú mi, wọ́n sunkún, wọ́n sì gbé oúnjẹ fún mi. Mo sùn di aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe àbúrò yín kí ẹ tó lọ bá Mọ́gàjí.

Àkọ́bí Àpáta

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá jù lọ Bàbá Olúyọ̀lé àti Ìyá Aláṣọ. Ìbéèrè kan ṣì wà lọ́kàn mi. Àǹtí wa kan gbọ́ fìrífìrí, wọ́n sì ti ń sọ pé àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà yóò ti ọmọ náà mọ́lé. Ṣé òótọ́ ni?

Ọmọ Bódìjà Tó Padà Wálé

Rárá o. Gbèsè káàdì kì í ṣe ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n ní Amẹ́ríkà. Báńkì lè ta gbèsè náà fún àwọn agbowó-gbèsè, wọ́n sì lè pe ènìyàn lẹ́jọ́ ní kóòtù, èyí tí kò dára rárá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọlọ́pàá ni yóò wá kan ilẹ̀kùn. Kódà nílé níbí, Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí ọ̀rọ̀ àdéhùn lásán tí kò ní ìwà ọ̀daràn nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a mọ ohun tí ojú ń rí.

Ohun tí ó yẹ kí ó ṣe kò pọ̀. Kí ó kó káàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nínú àpò àti kúrò lórí fóònù, nítorí pé bí omi bá ṣì ń wọ inú ọkọ̀, gbígbọ̀n ọ́n dànù kò ní parí. Kí ó pe àwọn báńkì náà fúnra rẹ̀ kí ó tó di pé ó pàdánù ọjọ́ sísan, kí ó sọ pé nǹkan le. Àwọn mìíràn máa ń bá ènìyàn dín èlé kù fún ìgbà díẹ̀. Àwọn olùdámọ̀ràn gbèsè tí kò ṣiṣẹ́ fún èrè tún wà níbẹ̀, irú èyí tó wà lábẹ́ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní National Foundation for Credit Counseling, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1951. Àwọn ni wọ́n bá mi wọ́ gbogbo tèmi pọ̀ sí ojú kan, tí wọ́n bá mi bẹ báńkì kí èlé rẹ̀ lọ sílẹ̀, tí mo sì ń san iye kan náà lóṣooṣù. Ètò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gba ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Kí ó sá fún ilé-iṣẹ́ tó bá ní òun yóò pa gbèsè rẹ̀ rẹ́, tó sì ń béèrè owó kí ó tó ṣe ohunkóhun.

Àwọn ènìyàn yóò sọ fún un pé kí ó gba káàdì tuntun tí kò ní èlé fún oṣù 12 tàbí 18, kí ó kó gbèsè àtijọ́ lé e. Ó ṣeé ṣe, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ $3 sí $5 lórí $100. Èmi ṣe é, ṣùgbọ́n n kò tíì fi ìnáwó sílẹ̀ nígbà náà, mo sì tún kó gbèsè sórí káàdì àtijọ́ tó ṣófo. Kí ó dáwọ́ ìnáwó dúró ná kí ó tó ronú kan ìyẹn.

Olùṣirò Mọ́kọ́lá

Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un: kí ó san iye tó kéré jù lórí mẹ́ta, kí ó sì da gbogbo owó tó bá kù lé èyí tí èlé rẹ̀ ga jù. Ó ṣeé ṣe kí owó tó fi ránṣẹ́ sílé yẹn wà lára rẹ̀.

Àkọ́bí Àpáta

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n wá jábọ̀ fún yín.

Mo pe àbúrò mi. N kò sọ pé ìyàwó rẹ̀ ni ó sọ fún mi. Mo ní èmi ni mo jókòó tí mo ṣírò owó tó ń gbà àti owó tó ń rán, tí mo rí i pé wọn kò bára mu. Ó dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ti já. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ ó ní mo lọ Amẹ́ríkà lásán." Àwa méjèèjì ni a sunkún. Ó ti bá àwọn olùdámọ̀ràn yẹn ṣe àdéhùn ìpàdé.

Mọ́gàjí gbà mí lálejò ní alẹ́ Ọjọ́rú. Wọ́n gbọ́ mi dópin, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, wọ́n sì bi mí bóyá mo ti jẹun. Ní ìpàdé ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn fúnra wọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sí orí ìwé náà: màlúù kan, aṣọ ẹbí kan, ojúde agboolé dípò gbọ̀ngàn. Nígbà tí wọ́n dé orí olórin, àbúrò Bàbá wa kan dìde, wọ́n ní àwọn kò ní bá wọn dá sí ìsìnkú tí kò ní ìlù, wọ́n sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Wọn kò tíì gbé ìpè mi títí di bí mo ti ń kọ èyí. Ó dùn mí, nítorí pé wọ́n fẹ́ràn Bàbá.

Àpapọ̀ rẹ̀ ti di ₦3,100,000. Àwọn ọmọ yòókù ti dá ₦1,600,000, nínú ₦2,250,000 àbúrò mi sì ni a ti san ₦400,000 sílẹ̀ fún gbọ̀ngàn yẹn. Bí a bá náwó tán, ₦350,000 yóò ṣẹ́ kù. A kò ní gbà kí ó rán kọ́bọ̀ sí i. $100 ni ó ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá. Èyí tó ṣẹ́ kù yìí ni a ó fi máa ra oògùn náà fún oṣù méjì ó lé díẹ̀, kí ó lè da $100 náà lé káàdì tí Olùṣirò sọ.

Oní-gbọ̀ngàn kò dá ₦400,000 wa padà. Wọ́n ní ẹlòmíràn lè lò ó dípò wa, bí ọjọ́ bá ti bọ́ sí Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kọkànlá. Ó gba ènìyàn 500, ọgbà ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ fẹ̀, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́, mo fojú ara mi rí i. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ayẹyẹ lọ́wọ́, tí ó sì ní owó rẹ̀ nílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, n ó dín ₦50,000 kù nínú rẹ̀ fún yín.

Ìyá Aláṣọ Gbági

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ìyàwó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì oṣù náà. N ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ òní, ṣùgbọ́n n ó kọ́kọ́ béèrè bí ó ṣe fẹ́ san án.